Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀mí nínú bàálù kékeré

Epo olójé tí àwọn bàálù kékeré ti ń mu láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ báyìí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo náà, àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù kékeré ti pọ̀ jù lọ láyé, ìjọba àti àwọn tọ́rọ̀ kàn ti fẹnu kò pé kí epo náà kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ọdún 2030 bá fi máa parí.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìgbésẹ̀ náà kò dára. Májèlé ni òjé. Àwọn tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba pé òjé tó ń bá èéfín bàálù kékeré jáde wà lára ohun tó ń sọ afẹ́fẹ́ di eléwu fún ìlera ènìyàn, pàápàá jù lọ fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Bẹntiróòlù mọ́tò ti bọ́ lọ́wọ́ òjé ní gbogbo àgbáyé láti ọdún 2021. Bàálù kékeré ló kù.

Àmọ́, bí wọ́n ti ń lé ewu kan jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, òmíràn ń yọjú lẹ́yìnkùlé. Epo tuntun tó fẹ́ rọ́pò èyí tó ń lọ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ mélòó kan ló ń gbé tiwọn jáde, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, àwọn kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé nínú táǹkì kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ pípẹ́, àwọ̀ epo wà lára ohun tí awakọ̀ bàálù kékeré fi ń mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú táǹkì rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò kékeré kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, fi di ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ bàálù, tàbí tó ní ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, mọ̀ nípa rẹ̀ lásìkò yìí.

Kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò láàárọ̀?

Bàálù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe irú àwọn ńláńlá tó ń kó èrò láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn kékeré ni Cessna 172, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956, tí wọ́n sì ti ṣe ju 44,000 lọ. Ènìyàn mẹ́rin ló ń gbà, àti awakọ̀ àti èrò. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, abẹ̀bẹ̀ kan sì ń yí níwájú rẹ̀. Inú apá rẹ̀ méjèèjì, lókè, ni táǹkì epo wà, láti ibẹ̀ ni epo ti ń ṣàn wá sínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Irú bẹntiróòlù kan tí wọ́n dìídì ṣe fún un ló ń mu, ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀ lára wọn, bíréèkì rẹ̀ náà sì ní ọ́ìlì tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, dírẹ́bà yóò rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò sì ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lójú sánmà. Nítorí náà, gbogbo ohun tí dírẹ́bà lè sún síwájú di ìgbà tí mọ́tò bá dẹnu kọlẹ̀, awakọ̀ bàálù gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán kí táyà tó kúrò nílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ ń ṣe láàárọ̀ ni pé yóò rọra yí bàálù náà ká, yóò sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibì kan ń jò. Bí ohun pupa bá ń kán lẹ́bàá táyà, ọ́ìlì bíréèkì ni. Bí àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù bá wà lábẹ́ apá, epo olójé ló ń yọ́ jáde, nítorí búlúù ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ láró.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gun àkàbà kékeré dé orí apá, yóò ṣí ìdérí táǹkì, yóò sì ki ọ̀pá tí wọ́n fàlà sí bọ inú rẹ̀ láti wọn epo, gẹ́gẹ́ bí oníkẹrosíìnì ṣe ń ki igi bọ inú dúrọ́ọ̀mù láti mọ ohun tó kù. Kì í ṣe pé kò sí géèjì níwájú ibi tó ń jókòó sí. Ó wà, ṣùgbọ́n géèjì inú ọ̀pọ̀ bàálù tó ti pẹ́ máa ń purọ́, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ lè jẹ̀ka àbámọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni ìsàlẹ̀ táǹkì. Omi wúwo ju epo lọ. Bí omi bá wọ inú táǹkì, kì í léfòó, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni epo ti ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ṣe bàálù náà mọ èyí, wọ́n sì fi ẹnu ìṣàn kéékèèké síbẹ̀. Nínú Cessna 172 irú èyí tí wọ́n ń ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1990, ẹnu ìṣàn mẹ́tàlá ló wà: márùn-ún lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lábẹ́ imú. Awakọ̀ yóò fi ike kékeré kan tó mọ́ gaara ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, epo díẹ̀ yóò sì dà sínú rẹ̀. Yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò sì wò ó. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, epo aláwọ̀ búlúù yóò sì wà lórí rẹ̀. Bí ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí bá wà, yóò rí i.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́. Bí omi bá pọ̀ débi pé òun nìkan ló kún inú ike náà, ojú kò ní rí ìlà kankan tó pín in níyà. Gbogbo rẹ̀ yóò mọ́ lóló, aláìfarabalẹ̀ yóò sì rò pé epo tó dára ló wà lọ́wọ́ òun. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wo àwọ̀, tí wọ́n sì ń gbóòórùn rẹ̀. Bí omi bá yọ, wọn yóò máa fà á jáde títí tí epo gidi nìkan yóò fi máa wá. Bí kò bá sì dáwọ́ dúró, bàálù náà kò lọ síbì kankan lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Níbo ni omi ti ń bá wọ táǹkì tí wọ́n dé? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ìkíní ni òjò, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó wọlé. Ìkejì ni ìrì inú táǹkì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi táǹkì tí epo rẹ̀ kò kún sílẹ̀ mọ́jú, tí òtútù òru sì mú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó wà nínú àyè tó ṣófo náà yóò di omi lára irin, bí ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń rọ epo kún táǹkì lálẹ́, bí ẹrù àti èrò ọjọ́ kejì bá gbà wọ́n láyè. Ìkẹta ni epo tí omi ti wà nínú rẹ̀ láti inú dúrọ́ọ̀mù tàbí táńkà. Ní ibi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, kò sí èyí tí wọ́n lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà ń bẹ. Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré irú èyí kò ní omi tó ń tù ú lára bíi ti mọ́tò. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń gbé ooru rẹ̀ lọ. Nínú irú Cessna tí wọ́n mẹ́nu bà lókè yìí, bí ọ́ìlì bá kún, ó tó nǹkan bíi lítà méje àti ààbọ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi lítà márùn-ún ó dín díẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ gbé e. Awakọ̀ yóò fa géèjì ọ́ìlì yọ, yóò nù ún, yóò kì í padà, yóò tún fà á yọ, gẹ́gẹ́ bí dírẹ́bà tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe. Ẹni tó gbọ́n jù nínú wọn máa ń kọ iye tó rọ sí i sínú ìwé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mu ìwọ̀n kan ní wákàtí mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, tó wá ń mu ìwọ̀n kan náà ní wákàtí mẹ́ta, àìsàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ìwé náà ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lókè.

Gbogbo èyí pátá, láti orí yíyí bàálù ká títí dé orí fífa géèjì ọ́ìlì yọ, sábà máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí epo tí kò yẹ bá wọ táǹkì

Epo méjì ló wọ́pọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Èkíní ni irú bẹntiróòlù tí bàálù kékeré ń mu. Èkejì ni epo jẹ́ẹ̀tì, tí àwọn bàálù ńlá ń mu, tó sì jẹ́ ọmọ ìyá kẹrosíìnì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rọ kẹrosíìnì sínú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré oníbẹntiróòlù rí mọ ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nínú bàálù, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Epo gidi tó ṣẹ́kù nínú páìpù lè gbé e tan, kó gbé e rìn lórí ilẹ̀, kó sì gbé e gbéra. Ìgbà tó bá ti kúrò nílẹ̀ ni èyí tí kò yẹ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ẹ́ńjìnnì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Las Cruces, ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Bàálù Cessna 421 kan tó ń gbé aláìsàn lọ fún ìtọ́jú dúró láti rọ epo. Òṣìṣẹ́ tó ń rọ epo gbé epo jẹ́ẹ̀tì wá, ó sì rọ nǹkan bíi 40 gálọ́ọ̀nù sínú táǹkì. Ìwádìí fi hàn pé awakọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, ó sì buwọ́ lu ìwé owó rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra tí bàálù náà fi já lulẹ̀. Awakọ̀, òṣìṣẹ́ ìlera méjì àti aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ, gbogbo wọn ló kú. Ẹ̀mí mẹ́rin lọ, orúkọ epo tó pa wọ́n sì wà lórí ìwé tí awakọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2019, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Kokomo, ìpínlẹ̀ Indiana. Bàálù Piper Aerostar ni tọ̀tẹ̀ yìí. Lójú òṣìṣẹ́ tó fẹ́ rọ epo, ó jọ bàálù jẹ́ẹ̀tì, ó sì bi awakọ̀ bóyá epo jẹ́ẹ̀tì ló fẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ náà ṣe sọ fún àwọn olùwádìí, awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu ìrọ epo jẹ́ẹ̀tì fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà wọ ojú táǹkì bàálù oníbẹntiróòlù ni. Kò wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà gbé e dábùú, ó sì rọ epo náà wọlé bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ nìkan ló wà nínú bàálù náà, ó sì kú sínú oko kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń rọ epo kò mọ̀, ẹni tó mọ̀ kò wò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan wà láti dá epo jẹ́ẹ̀tì mọ̀ tí kò ní í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá kán díẹ̀ nínú epo inú táǹkì sórí bébà funfun, bẹntiróòlù yóò fẹ́ lọ, bébà náà yóò sì gbẹ. Epo jẹ́ẹ̀tì yóò fi àmì ọ̀rá sílẹ̀, bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà gbígbóná. Ìyá alákàrà tí kò wọ bàálù rí lè dá a mọ̀.

Epo tó tán lójú sánmà

Àwọn tó máa ń gbọ́ orin àwọn òyìnbó ní àwọn ọdún 1970 yóò rántí John Denver, gbajúgbajà olórin ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1997, bàálù kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà já sínú òkun létí ìlú Monterey ní California, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ẹni ọdún 53 ni. Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹ̀yìn èjìká òsì awakọ̀ ni ẹni tó kan bàálù náà gbé irin tí wọ́n fi ń yí epo láti táǹkì kan sí èkejì sí, kò sì rọrùn láti dé ibẹ̀ láìyí ara padà. Kí ó tó gbéra, mẹkáníìkì kan bá a sọ̀rọ̀ nípa epo tó kù, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti rọ òmíràn kún un, ó ní nǹkan bíi wákàtí kan péré lòun fẹ́ lò lókè. Àjọ náà ka àìrọ epo kún un yìí mọ́ ohun tó dá kún ikú rẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan láàárín igba. Nínú ìkìlọ̀ tí àjọ NTSB fi síta ní ọdún 2017, wọ́n ṣàlàyé pé láti ọdún 2011 sí 2015, ó ju àádọ́ta ìjàǹbá bàálù kékeré lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé àìbójútó epo ló fà á. Nínú wọn, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ èyí tí epo tán pátápátá. Ìdá 35 jẹ́ èyí tí epo ṣì wà nínú bàálù, ṣùgbọ́n tí kò dé inú ẹ́ńjìnnì, bíi kí awakọ̀ gbàgbé láti yí i sí táǹkì kejì.

Ohun tó yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu jù nínú ìkìlọ̀ náà ni irú àwọn tó ń ṣe àṣìṣe yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó jẹ́ awakọ̀ tó ti gba ìwé ẹ̀rí gíga, ìyẹn àwọn tó lè fi iṣẹ́ náà jẹun. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan láàárín wọn.

Kí ló dé tí àwọn tó mọ̀ fi ń gbàgbé?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1935, bàálù ológun tuntun kan tí Boeing ṣe já lulẹ̀ ní pápá Wright ní ìpínlẹ̀ Ohio, lójú àwọn ọ̀gá ológun tó fẹ́ rà á. Ọ̀gágun Ployer Hill tó wà á kì í ṣe òpè, ọ̀gá àwọn tó ń dán bàálù wò ni. Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́, epo kò tán. Ìdè kan tí wọ́n fi ń de ìrù bàálù kí atẹ́gùn má baà gbọ̀n ọ́n nílẹ̀ ni wọn kò tú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí i pé orí ènìyàn, bó ti wù kó gbọ́n tó, kò ṣe é gbára lé nìkan. Wọ́n kọ gbogbo ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sórí ìwé, kí ó máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ọ̀tá àyẹ̀wò yìí kì í ṣe àìmọ̀kan, bí kò ṣe ìfojúdi tó ń bá ìmọ̀ rìn. Ẹni tó bá ti wo ìsàlẹ̀ táǹkì nígbà ẹgbẹ̀rún tí kò rí omi yóò máa rò pé kò lè sí omi níbẹ̀ láéláé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń bẹ̀rù, nítorí náà ó ń wò ó. Ọ̀gá kò bẹ̀rù mọ́, nítorí náà ó ń fo àwọn kan. Èyí tó bá sì fò ló máa ń di ọ̀rọ̀ sí i lọ́rùn.

Ìkánjú náà tún wà níbẹ̀. Bàálù kékeré sábà máa ń jẹ́ ti ẹnì kan, tàbí ti ọ̀rẹ́ mélòó kan tó pawọ́ pọ̀ rà á. Kò sí mẹkáníìkì tó ń dúró tì í láàárọ̀, kò sí ọ̀gá tó ń bójú tó o. Ẹni tó ni ín náà ni awakọ̀, òun náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èrò bá ti dé, tí òjò sì ṣú, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ gé kúrò ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ pé kò ṣe. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìrìnnà òfurufú káríayé, tí Nàìjíríà náà ń tẹ̀ lé, gbé ẹrù náà lé awakọ̀ lórí: òun ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó gbéra pé bàálù náà yẹ fún ìrìn àjò àti pé epo tó gbé tó dé ibi tó ń lọ, kí ó sì tún ṣẹ́kù. Kò sí òfin kankan tó gbà á láyè láti sọ pé ẹni tó ń rọ epo ló ṣì í lọ́nà.

Ibi tí ìyípadà epo ti ń mú ọ̀rọ̀ náà le sí i nìyí. Nígbà tó jẹ́ búlúù ni gbogbo èrò mọ̀, ojú tó bá kán lórí ike náà tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí epo aláìlójé kan tí wọ́n ń pè ní G100UL. Àwọ̀ oyin ni àwọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún wá búlúù yóò tún ojú rẹ̀ kọ́. Yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé epo wo ló wà nínú táǹkì òun tẹ́lẹ̀, èwo ni wọ́n ń rọ sí i báyìí, ṣé àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀, ṣé ìwé àṣẹ bàálù òun sì gbà á láyè láti mu ún. Ìbéèrè mẹ́rin ló dé sí ibi tí ọ̀kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kan Nàìjíríà

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lèyí. Ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ NCAA tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà dá àwọn bàálù Boeing 737 ilé-iṣẹ́ kan dúró lẹ́yìn ọ̀wọ́ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ti epo tí kò mọ́, tí wọ́n bá nínú táǹkì bàálù kan ní pápákọ̀ Yọlá. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí bàálù ńlá tí mẹkáníìkì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ kò lè sọ pé kò kan òun. Àwọn tí mọ́tò wọn dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ẹnu páńpù jáde ló jẹ́ ohun tí wọ́n pè é.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú ti Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, àti èyí tó wà ní Ìlọrin ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yìí nílé, láìsọ ti àwọn òbí tó ń ta ilẹ̀ láti rán ọmọ lọ sí òkè òkun. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo bàálù kékeré ayé òde òní ló ń mu bẹntiróòlù mọ́. Diamond DA40 NG, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ bàálù oníjókòó mẹ́rin bíi Cessna, ṣùgbọ́n epo jẹ́ẹ̀tì lòun ń mu. Bàálù méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n jọra bí ìbejì, kí oúnjẹ ọ̀kan sì jẹ́ májèlé fún èkejì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí wọ́n kọ orúkọ epo gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ojú táǹkì gbogbo bàálù àti sí ara gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé epo. Kí àwọn tó ń rọ epo gba ẹ̀kọ́ tó yẹ, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ bí ẹnu ìrọ epo kò bá wọ ojú táǹkì, láìka ohun tí ọ̀gá tó ni bàálù bá sọ sí. Kí awakọ̀ dúró ti bàálù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo, kí ó ka ìwé owó kó tó buwọ́ lù ú, kí ó sì tún fi ike wo epo náà lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán tó sì ti fara balẹ̀ nínú táǹkì, kì í ṣe láàárọ̀ nìkan.

Èrò náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ tàbí àna rẹ̀ bá fẹ́ fi bàálù kékeré gbé lọ sóde kò gbọdọ̀ máa kán an lójú. Bí ó bá rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ apá, tó ń gbé ike kékeré sókè sí oòrùn, tó ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fi í sílẹ̀ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbéra tán kò ní ibi tó ń yà sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ilẹ̀ ló sì ti ń ṣọ́ ọ.